Àjà, òkè àjà àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó ṣírò owó ilé

Àjà (ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni lórí sílébù méjèèjì). 1. Ohun tí a fi bo òkè yàrá nínú, lábẹ́ òrùlé. 2. Àyè tí ó wà láàrin ohun ìbòrí yìí àti òrùlé. A tún ń pè é ní òkè àjà. 3. Ìpele ilé tí ó wà lórí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ilé alájà.

Ìtumọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí jọ ara wọn, ṣùgbọ́n owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ onílé kò jọra rárá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pe èkejì lè ṣi owó ṣírò, ó sì lè ṣi ilé kọ́. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi gùn ju ti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣọ́ àmì ohùn. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ajá tí ń ṣọ́ ilé àti àjà tí ó wà nínú ilé di ọ̀kan náà. Èmi tí mo kọ ètò ìwárí tí atúmọ̀-èdè yìí ń lò ti jẹ́ kí ó gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò rí àmì tẹ̀ lórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tí ó wà lọ́kàn yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó yàn.

Àjà nínú ilé àtijọ́

Nínú ilé alámọ̀ ti àtijọ́, tí a fi koríko tàbí ewé bo òrùlé rẹ̀, àwọn tí ń mọlé a máa to igi lé orí ògiri, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Àjà nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Bí iná bá mú òrùlé, amọ̀ orí àjà kì í jẹ́ kí ó tètè wọ inú yàrá. Ibẹ̀ náà sì ni onílé ń kó àgbàdo, aṣọ àti ẹrù tí kò fẹ́ kí ọwọ́ gbogbo ènìyàn tó.

Nígbà tí ilé olókè dé, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ. Ilé alájà tí a kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Àgbádárìgì. A fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, a sì parí rẹ̀ ní 1845. Ní Erékùṣù Èkó, àwọn Agudà tí wọ́n ti Brazil padà wálé, tí iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà wà lọ́wọ́ wọn, kọ́ ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀; Ilé Omi ní òpópónà Kakawa jẹ́ ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Nínú ilé tí a fi pákó pín sí ìpele, pákó tí ẹni ìsàlẹ̀ ń wò ní òkè orí rẹ̀ ni ẹni òkè ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àjà ẹnì kan ni ilẹ̀ ẹlòmíràn. Kò ṣòro, nígbà náà, láti rí bí àjà ṣe di orúkọ ìpele ilé.

Ó tún yẹ kí a mọ àjà ilẹ̀, èyí tí í ṣe yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kò sí òrùlé kankan nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò kan náà ni: àyè tí a pín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ènìyàn ń gbé.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ẹ ṣọ́ iye

Ọ̀rọ̀ àyálò ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láti inú upstairs ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ará Èkó bá wí pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ohun tí ó ní lọ́kàn ni ìsàlẹ̀ àti ìpele kan lókè rẹ̀. Kò ka ìsàlẹ̀ mọ́ iye náà. Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà náà ń kà á báyìí. Ṣùgbọ́n ní ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ wà nínú iye: two-storey house tiwọn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tiwa. Ògbufọ̀ tí ó bá kàn gbé 2 sí ipò 2 ti fi odindi ìpele kan kún ilé onílé, ó sì ti fi owó ìpele kan kún ìṣirò rẹ̀. Ọ̀nà tí kò léwu ni kí a kọ ọ́ báyìí: "ìsàlẹ̀ àti ìpele kan lókè rẹ̀".

Iṣẹ́ méjì tí orúkọ wọn máa ń dàrú

Ní ìlú Ọba, òrùlé ọ̀pọ̀ ilé dúró gangan, àyè ńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Peckham àti ibòmíràn ní London mọ loft conversion dáadáa: a sọ àyè yìí di yàrá. Ní England, bí a bá fẹ́ fẹ òrùlé sí i, òfin ètò ìlú gba ọ̀pọ̀ ilé láyè láti fi tó 40 kúbíìkì mítà kún un láìtọrọ ìwé àṣẹ ètò ìlú, bí ilé náà bá wà láàrin àwọn ilé tí a kọ́ lẹ̀ mọ́ra. 50 ni bí ó bá dá dúró tàbí tí ó so mọ́ ilé kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò òfin ìkọ́lé kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá sì kan ògiri tí a jọ ni pẹ̀lú aládùúgbò, òfin 1996 lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀ béèrè pé kí a kọ̀wé sí aládùúgbò náà ṣáájú.

Ìtumọ̀ tí mo dá lábàá fún un ni "sísọ òkè àjà di yàrá". Òrùlé ti wà, ògiri ti wà. Síbẹ̀, igi àjà tí a kọ́ láti gbé àpótí kò lágbára tó láti gbé ibùsùn àti ènìyàn; igi tàbí irin tuntun ni a ń fi kún un.

Ní Erékùṣù Èkó, ohun tí àwọn ènìyàn sábà ń fẹ́ yàtọ̀. Wọn a ṣí òrùlé kúrò, wọn a da kọnkéré sórí ògiri, wọn a mọ ògiri mìíràn lé kọnkéré, wọn a sì wá gbé òrùlé tuntun lé gbogbo rẹ̀. Èyí ni "kíkọ́ àjà lé ilé". Ti àkọ́kọ́ ń lo àyè tí ó ti wà. Ti ìkejì ń dá àyè tí kò sí rí, ó sì ń di ẹrù rẹ̀ ru ilé tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìwé ìmọ̀ràn lórí ti àkọ́kọ́, tí ó sì pe iṣẹ́ náà ní kíkọ́ àjà, ti fún onílé ní Èkó ní ìṣirò tí ìpìlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Mo mọ èyí nítorí pé èmi náà ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ìnáwó ta ni?

Ilé ẹbí ìyá mi wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ní Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà. Ilé ilẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, ẹbí ń gbé ẹ̀yìn. Ilé ti há mọ́ ilé ní àdúgbò náà, Ìyá Àgbà sì fẹ́ yàrá kan lókè tí atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, pe ìpàdé. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé kọ̀ǹpútà. Bá wa ṣírò ohun tí yóò ná wa."

Mo ṣe tábìlì kan, mo pè é ní "Ètò Ìnáwó Ilé", mo sì fi í ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àǹtí mi tí wọ́n ń gbé London ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìnáwó ta ni? Aṣọ wo la ó wọ̀?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àǹtí mi kò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Èmi ni mo ṣì í lò. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ owó tí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀:

Ìṣúná. Ó wá láti inú ṣíṣún owó ná, èyí tí í ṣe níná owó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Nínú ìròyìn, ètò ìṣúná ni ti ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí a bá lò ó fún yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kò ṣàìtọ̀nà, ṣùgbọ́n yóò dà bí ẹni wọ agbádá lọ sí ilé ìdáná.

Ìnáwó. 1. Níná owó. 2. Ayẹyẹ: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ. Ní Èkó, ìtumọ̀ kejì ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn bí a kò bá so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn. Ètò ìnáwó dára nínú ìwé tí àkòrí rẹ̀ ti hàn; lórí ahọ́n, kí a ṣọ́ra.

Ìṣirò owó. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí, bíríkìlà àti oníṣọ́ọ̀bù ń lò. "Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀" ni onílé ń wí, kì í wí pé "ẹ bá wa ṣe ètò ìṣúná".

Ná. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń ná owó tí a sì fi ń ná ọjà. Ẹni tí ó ń ná ọjà kò tíì ná owó. Iye ni ó ń bá ọlọ́jà jà sí. Nínú ìtumọ̀, ẹ má ṣe pa ohun tí ó tẹ̀ lé ná rẹ́.

Owó ohun èlò àti owó iṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni owó símẹ́ńtì, irin, páànù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìkejì ni ohun tí a san fún ọwọ́ tí ó ṣe é. Bí bíríkìlà bá dá iye kan, ẹ béèrè èwo ni ó ń wí nínú méjèèjì.

Àsansílẹ̀. Owó tí a san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Inú àpapọ̀ owó iṣẹ́ ni a ti ń yọ ọ́.

Ìdáwó. Owó tí olúkúlùkù mú wá sí àpò kan, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó yàtọ̀ sí àjọ tàbí èsúsú, níbi tí owó ẹni ń padà sọ́wọ́ ẹni. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ilé ẹbí. Ẹni tí ó bá dáwó kọ́ yàrá lé ilé ẹbí kò sọ yàrá náà di ti ara rẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Ẹbí ni ó ni ín.

Ìlà tí kò sí nínú tábìlì

Mo yí àkọlé padà sí "Ìṣirò Owó Yàrá Òkè". Mo ti kọ búlọ́ọ̀kù, símẹ́ńtì, irin, páànù, fèrèsé àti owó iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbá bíríkìlà kan tí wọ́n ti dàgbà, tí ẹbí pè wá wo ilé, gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọmọ mi, o káre. Ìpìlẹ̀ ńkọ́?"

Mo dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó wà fún ilé tí ẹ ń gbé. Èwo ni ti èyí tí ẹ fẹ́ gbé lé e?"

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní yàrá náà jẹ́ mítà 3.6 ní ìbú àti mítà 3.6 ní òró, tí kọnkéré rẹ̀ sì nípọn tó mílímítà 150. Kọnkéré náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kúbíìkì mítà 2. Kúbíìkì mítà kan kọnkéré wúwo tó nǹkan bí kílò 2,400, nítorí náà ilẹ̀ yàrá kan yìí yóò wúwo ju kílò 4,600 lọ. Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Bí ẹni to àpò símẹ́ńtì 93 sórí ògiri Ìyá Àgbà ni, a kò sì tíì ka búlọ́ọ̀kù, òrùlé, ibùsùn tàbí ènìyàn kan ṣoṣo.

Kò sí ará Erékùṣù tí ó nílò kí a ṣàlàyé ohun tí èyí lè dà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fáájì. Ilé-ẹ̀kọ́ wà ní òkè rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀ ní àkókò náà. Ó kéré tán, ènìyàn 20 ni ó kú.

Bí a ṣe ń to ìṣirò láti ìsàlẹ̀

Àṣìṣe mi ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú ń rí. Bí ẹ bá ń túmọ̀ tàbí ń ṣe irú ìwé yìí, ẹ tò ó báyìí:

1. Owó àyẹ̀wò. Ti ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ COREN, tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀, tí yóò sì dán agbára ògiri àti òpó wò.

2. Owó ìwé àṣẹ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASPPPA ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. LASBCA ni ó ń bẹ iṣẹ́ wò bí ó ti ń lọ.

3. Ìpìlẹ̀ àti òpó. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ti àtijọ́ kò tó, ibí ni owó pọ̀ sí jù.

4. Kọnkéré àjà. Irin, símẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta. Ẹ má gbàgbé pákó àti igi tí a fi gbé e ró títí yóò fi gbẹ; ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á.

5. Ògiri. Nǹkan bí búlọ́ọ̀kù 10 ni ó ń kún àyè ògiri tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òró. Yàrá tí a mẹ́nu kàn lókè yìí, bí ògiri rẹ̀ bá ga ní mítà 3, yóò gba nǹkan bí 430, kí a tó yọ àyè fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

6. Àtẹ̀gùn. Òkè ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gba àyè. Ẹ wo yàrá tí yóò jẹ.

7. Òrùlé. Ẹkẹ́, páànù, ìṣó, àti owó ṣíṣí ti àtijọ́ kúrò.

8. Iná mànàmáná, omi, fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ọ̀dà.

9. Owó iṣẹ́ àti owó ẹrù. Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ọkọ̀ akẹ́rù kì í lè wọ gbogbo ojúlé. Alábàárù ni yóò ru símẹ́ńtì dé ẹnu ọ̀nà. Bí àwọn ará ilé yóò bá kó jáde fún ìgbà díẹ̀, ẹ ka owó ibùgbé wọn mọ́ ọn.

10. Owó àìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ya 10 sí 15 sọ́tọ̀ nínú 100. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ náírà mílíọ̀nù 10, owó yìí yóò wà láàrin mílíọ̀nù 1 àti mílíọ̀nù 1.5. Kì í ṣe àjẹkù. Ẹ má ṣe fi ra ọ̀dà tí ó wuyì.

Àpẹẹrẹ ìlò

"Wọ́n kó àwọn àwo àtijọ́ sí òkè àjà." Ìtumọ̀ kejì ni, kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀.

"Ejò kan jábọ́ láti àjà." Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, kì í ṣe láti ilé olókè.

"Ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé." Ìtumọ̀ kẹta. Kí ògbufọ̀ béèrè bóyá ìsàlẹ̀ wà nínú mẹ́ta náà kí ó tó kọ iye sílẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ sọ òkè àjà di yàrá." Òrùlé kò ní kúrò.

"Wọ́n fẹ́ kọ́ àjà lé ilé." Òrùlé yóò kúrò, ẹ béèrè ìpìlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹnjiníà wá, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ibi mẹ́ta. Ìpìlẹ̀ kò jìn, omi sì sun jáde kí ó tó gbẹ́ jìnnà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ògiri náà kò lè gbé kọnkéré. Bí a bá fẹ́ yàrá lókè, àfi kí a gbé òpó tuntun dìde láti inú ìpìlẹ̀ tuntun. Nígbà tí mo fi iye rẹ̀ sí tábìlì, ìlà kan ṣoṣo yìí ju àpapọ̀ gbogbo èyí tí mo kọ́kọ́ kọ lọ.

Kò dùn mọ́ àǹtí mi ní London, nítorí pé wọ́n ti dá owó tiwọn. Kò dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà. Ìyá Àgbà ni wọ́n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi òkè sílẹ̀. Èmi kò lè máa sùn lórí ohun tí kò lè gbé mi." A fi ìdáwó náà pààrọ̀ páànù, a gbé àjà yàrá wọn ga sí i, a sì la fèrèsé kejì sí i kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Yàrá òkè kò sí títí di òní.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́. Nínú gbogbo ohun tí a sanwó fún, ti ẹnjiníà ni ó kéré jù. Òun ni ó yẹ kí ó wà ní ìlà àkọ́kọ́, kò sì sí nínú tábìlì mi rárá, nítorí pé òkè àjà ni mo ń rò nígbà tí ẹbí ń sọ̀rọ̀ àjà.